Omi Agbára Shawkat Bàṣá

Ní ìlú wa, Kafr Sindiyan, oòrùn kì í yọ àfi tí Shawkat, olórí ìgbìmọ̀ ìlú tí a ń fi oyè ọlá pè ní Bàṣá, bá ti fọwọ́ sí i. Bí Zaghlul akọ̀wé rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò nìyẹn, kì í sì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ ní ìlú yìí, mo sì lè jẹ́rìí pé oòrùn yọ dáadáa lọ́jọ́ tí Bàṣá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni olórí ìgbìmọ̀ ìlú. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin náà hàn yín. Ó sanra níwọ̀n, ó kúrú níwọ̀n, kò sì sí ohun mìíràn lára rẹ̀ tó níwọ̀n. Tó bá sín, gbogbo ọ́fíìsì á dìde láti kí i pé kí Ọlọ́run ṣàánú Bàṣá. Ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn á tún un sọ fún àwọn tó tò síta, àwọn náà á kí i. Nígbà tí ìkíni náà bá fi máa dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Bàṣá á ti tún sín.

Ó ní òfin kan nípa lẹ́tà. Kì í ṣí ojú ewé kejì. Ó ní ojú ewé kìíní ni orúkọ òun máa ń wà, pé kí ni òun tún fẹ́ lọ wá níbi tí orúkọ òun kò sí? Zaghlul ló máa ń ka ìyókù, tí yóò sì sọ fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní òkè odò kékeré tí a fi ń bomi rin oko wa, àwọn kan wà tí wọ́n ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù láti kó òjé inú rẹ̀. Páìpù wọn ń da omi dúdú sódò. Odò náà ló ń bomi rin kábéèjì wa, kárọ́ọ̀tì wa àti ewé mulukíyà wa, irú ewédú tiwa. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Bàṣá fi ń buwọ́ lùwé pé odò náà mọ́ gaara. Kò débẹ̀ rí. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà Bàṣá kì í sì í ṣe bàtà ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òórùn odò yìí dé etí gómìnà. Àwọn elétò ìlera kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì Bàṣá ni ti ìlú wa sì kọ́kọ́ dé. Ojú ewé méjì ni. Ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí Zaghlul lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Tanta.

Bàṣá fúnra rẹ̀ ló ka ojú ewé kìíní. Ìkíni gba ìdajì rẹ̀, oyè Bàṣá gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ọ̀rọ̀ gan-an wá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá: pé kí àwọn alásè máa fọ ewé dáadáa, kí wọ́n máa bó kárọ́ọ̀tì, kí wọ́n sì máa ti ewé bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé díẹ̀ lára irin wíwúwo tó wà nínú ewé yóò jáde sínú omi náà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn kà báyìí: *Nítorí náà, kí gbogbo alásè rí i dájú pé omi yìí ni wọ́n*

Ibẹ̀ ni ojú ewé parí sí.

Bàṣá gbé ojú sókè, ó wo àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri. Àwòrán náà wò ó padà. Àwọn méjèèjì lóye ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí Zaghlul dé, ọ̀gá rẹ̀ ń rìn kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Zaghlul, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi kéré lọ́dún kọjá, kí ni dókítà fún mi?"

"Oògùn irin ni, Bàṣá."

"Ṣé mo gbádùn lẹ́yìn rẹ̀?"

"Gbogbo ìlú ló gbádùn, Bàṣá."

"Wàyí o, ìjọba ti kọ̀wé pé omi tí wọ́n fi bọ kábéèjì kún fún irin! Irin wíwúwo! Àwọn obìnrin wọ̀nyí sì ń dà á sí gọ́tà! Agbára ìlú yìí ló ń ṣàn lọ lójoojúmọ́, Zaghlul. A máa tọ́jú rẹ̀. A máa mu ún. Ka ojú ewé kejì fún mi."

Zaghlul ṣí ojú ewé kejì. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo Bàṣá, tí ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀yin ìbá ti sọ òtítọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní ọmọ márùn-ún àti ọ̀gá tó máa ń ju ife tíì lu ènìyàn.

"Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

"Ìkíni ni, Bàṣá. Wọ́n kí yín dáadáa." Zaghlul ṣẹ́ ojú ewé kejì pọ̀, ó sì tì í bọ àpò.

Ní ọjọ́ kejì, Bàṣá gbéra lọ sí ilé ìdáná jẹ́lé-ó-sinmi ìlú, níbi tí ọgọ́fà ọmọ ti ń jẹun. Olórí alásè ibẹ̀ ni Inshirah, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Badr. Ó ti lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nípa oúnjẹ ní Mansoura, ohun tó kọ́ níbẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé tó wà lóde kábéèjì, ó ń ṣí i dànù. Ìyókù, ó ń fọ̀ ọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ omi ẹ̀rọ, á rẹ ẹ́ sínú omi tó fi fínígà díẹ̀ sí, á tún un ṣàn. Kò sí kárọ́ọ̀tì tó ń wọ ìkòkò rẹ̀ láìbó. Ewé kábéèjì tó máa fi di ìrẹsì, ó ń tì í bọ omi gbígbóná, á yọ ọ́, á sì da omi náà nù. Ibi tó ti ń da omi náà nù gẹ́lẹ́ ni Bàṣá bá a.

"Dúró! Obìnrin, kí lò ń dà nù yẹn?"

"Omi kábéèjì ni, Bàṣá."

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Inshirah, ìyá Badr. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń se oúnjẹ níbí, ọdọọdún lẹ sì ń béèrè."

Bàṣá gun àpótí tòmátò kan. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó la ẹnu.

"Ẹ̀yin ọmọ Kafr Sindiyan! Nígbà tí ìtàn bá lajú láàárọ̀, ta ló kọ́kọ́ ń rí? Èmi ni! Nígbà tó bá sì ń sùn lọ, ta ló ń rò? Ẹ dákẹ́, ẹ má dáhùn, ìtìjú ń mú mi! Láti òní lọ, ẹ̀kán omi kábéèjì kan kò gbọdọ̀ kan gọ́tà mọ́. Àwọn ọmọ wa yóò máa mu ún, ife kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Omi Agbára!"

"Omi Agbára!" ni Zaghlul kígbe. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Inshirah nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná rẹ̀. "Bàṣá, ẹ jọ̀ọ́, irin tí wọ́n ń sọ yẹn, òjé ni. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Mansoura. Torí kó lè jáde lára ewé la ṣe ń bọ̀ ọ́ lómi."

"Òjé! Ṣé òjé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n irin ni? Èwo ló wúwo jù?"

"Òjé ni."

"Èwo wá ló lágbára jù?" Bàṣá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí ìdérí ìkòkò fi ń gbọ̀n.

"Bàṣá, tí ẹ bá gbé òjé lé mi lórí, èmi náà á wúwo. Ìyẹn ò ní kí n lágbára."

"Ìwọ obìnrin yìí! Bí ọmọ kan bá pàdánù ife rẹ̀, ìwọ náà á pàdánù ilé ìdáná yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàṣá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ pé òun yóò ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ kábéèjì, ó da omi rẹ̀ nù, ó fi ewé míńtì tútù sínú omi mímọ́, ó sì bù ú fún àwọn ọmọ. Ọgọ́fà ọmọ mu ún, wọ́n béèrè fún òmíràn. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé ìdáná ní, "Ìyá Badr, tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́? Ilé yìí lẹ fi ń jẹun."

"Ibí làwọn ọmọ wọ̀nyí náà ti ń jẹun," ni Inshirah dá a lóhùn. "Gbé ṣúgà wá."

Ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bàṣá ní kí wọ́n máa bọ kábéèjì níbẹ̀, kí wọ́n máa rọ Omi Agbára sínú ìgò tí àwòrán òun wà lára rẹ̀. Ife méjì lòun fúnra rẹ̀ ń mu lójúmọ́. Inú ń run ún, ó ní agbára ló ń wọlé. Orí ń fọ́ ọ, ó ní agbára ti dé òkè. Zaghlul ń da tirẹ̀ sídìí òdòdó bàsílì tó wà lójú fèrèsé. Òdòdó náà rọ ní ọjọ́ kẹsàn-án.

"Kí ló pa òdòdó mi?" ni Bàṣá béèrè.

"Agbára náà ló pọ̀ jù fún un, Bàṣá. Òdòdó lásán ni."

Lẹ́yìn oṣù kan, Bàṣá wọ jẹ́lé-ó-sinmi láìròtẹ́lẹ̀. Ó gba ife lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó tọ́ ọ wò. Ó lá ètè. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Èyí dùn," ni ó wí, pẹ̀lú ìfura ńlá. "Temi ń korò. Kí ló dé tí èyí dùn?"

"Míńtì ni," ni ọmọbìnrin náà sọ. "Ẹ dá a padà fún mi, Bàbá, ẹ ti mu ìdajì rẹ̀."

Inshirah ti jáde síwájú. Kò sá, kò bẹ̀bẹ̀.

"Omi Agbára àwọn ọmọ dà?"

"Gọ́tà, Bàṣá."

"Gbogbo rẹ̀? Láti oṣù kan?"

"Àtọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí àpótí tòmátò."

Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án lọ́jọ́ náà gan-an: pé ó da irin ìjọba nù. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í pa títí di ọjọ́ ẹjọ́. Bàṣá ní ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọjọ́ kan náà tí ìgbìmọ̀ gómìnà ń bọ̀ wá wo ìlú, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí òun ṣe ń bá ọ̀tá ìtẹ̀síwájú jà. Àtọjọ́ Wednesday lọ, alásè mìíràn ni yóò gbé ìkòkò, Omi Agbára tòótọ́ ni àwọn ọmọ yóò sì máa mu. Inshirah kò sùn mọ́ nítorí ìyẹn. Ó bá Zaghlul lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Zaghlul, ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri wa, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ojú ewé kìíní nínú méjì ni. Ìkejì dà?"

"Ìkíni ló wà níbẹ̀, Ìyá Badr."

"Ìwọ náà ní ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi yẹn. Ṣé o ti kí i láàárọ̀ yìí?"

Zaghlul fọwọ́ bo àpò rẹ̀, ó ní tíì ń tutù lórí tábìlì òun.

Ọjọ́ Tuesday pé. Wọ́n na kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu géètì títí dé inú gbọ̀ngàn. Mọ́tò ìgbìmọ̀ dúró. Ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù dáadáa sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kékeré kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ sì tẹ̀ lé e. Bàṣá dì mọ́ ọkùnrin gíga, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó ní ìlú ti ń retí irú ọgbọ́n ojú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì na báàgì rẹ̀ sí obìnrin náà pé kó bá òun mú un dání.

"Ẹ ṣeun, Bàṣá," ni ọkùnrin gíga wí, "ṣùgbọ́n awakọ̀ ni mí. Dókítà Ragaa Iskander, olórí ìgbìmọ̀, ló di báàgì yín mú yẹn."

Ènìyàn mìíràn ìbá wólẹ̀. Bàṣá kọ̀. Ó ní bí ọkàn òun ṣe rẹlẹ̀ tó nìyẹn, pé awakọ̀ gan-an lòun kọ́kọ́ máa ń kí.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi Inshirah jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó jí adìyẹ. Bàṣá dìde. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní fìyà jẹ yín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé àpòòwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa sókè.

"Àwọn alárìíwísí ń béèrè fún ẹ̀rí. Èmi fúnra mi ni mo fi ìgò Omi Agbára kan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ìjọba. Èsì rẹ̀ nìyí. N kò tíì ṣí i! Níṣojú yín ni mo fẹ́ ṣí i!"

Ó ya á. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Inú Bàṣá dùn.

"Ẹ gbọ́! *Òjé: ìlọ́po mẹ́sàn-án ìwọ̀n tí òfin gbà láyè!*"

Zaghlul ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn tó kù bá a parí rẹ̀.

"Ìlọ́po mẹ́sàn-án! Òfin ní ẹyọ kan, Kafr Sindiyan mú mẹ́sàn-án wá! Ó kù o! Irin mìíràn tún wà níbẹ̀! *Kádímíọ́ọ̀mù: ìlọ́po mẹ́rin!*"

Inshirah mí sínú lójijì, háà! Irú èyí tí àwọn obìnrin wa máa ń mí nígbà tí wọ́n bá da ááyù dídín sínú ọbẹ̀ mulukíyà, tí aládùúgbò fi máa ń mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

Dókítà Ragaa fi báàgì Bàṣá sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàṣá, ẹ tún un kà."

Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kábéèjì ibo ni wọ́n bọ̀ sínú omi yìí?"

"Kábéèjì tiwa! Láti oko ẹ̀bá odò wa, odò tí èmi tìkára mi ti fọwọ́ sí ìwé ìmọ́tótó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà!"

"Ẹ̀yin fúnra yín? Lẹ́ẹ̀mẹfà?"

"Pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé!"

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ló ti mu omi yìí?"

"Èmi! Ife méjì lójúmọ́, fún ogójì ọjọ́!"

"Áà." Ó wò ó pẹ̀lú àánú. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bàṣá nàka sí Inshirah. "Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà, Dókítà! Obìnrin ìkà yìí fi dù wọ́n! Ọmọ kan ṣoṣo kò fẹnu kàn án! Oṣù kan gbáko ló fi ń da gbogbo rẹ̀ nù, tó ń fún wọn ní omi míńtì! Ẹjọ́ tí mo ní kí ẹ wá bá mi dá nìyẹn!"

"Gbogbo rẹ̀?" Dókítà Ragaa ti dìde. "Ìyá, ṣé gbogbo rẹ̀ lóòótọ́?"

"Gbogbo rẹ̀, Dókítà. Ẹ bi gọ́tà."

Dókítà rìn kọjá níwájú Bàṣá, ó lọ dì mọ́ Inshirah, ó sì pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Bàṣá rò pé bóyá wọ́n fẹ́ mú un ni. Ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, òun nìkan.

"Lẹ́tà wa sọ fún yín pé kí ẹ da omi náà nù," ni Dókítà wí. "Ojú ewé kejì."

"Ìkíni ló wà lójú ewé kejì! Zaghlul!"

Zaghlul dìde bí ẹni tí iná jó. Ó fà á jáde nínú àpò, ó ti gbó níbi tí ó ṣẹ́ ẹ sí. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ara rẹ̀: "*...ń dà nù, tí wọn kò sì lò fún ohunkóhun, pàápàá jù lọ fún ọmọdé.*"

"O sọ fún mi pé ìkíni ni!"

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, Bàṣá. *Ẹ gba ìkíni àti ọ̀wọ̀ wa.* Ó wà níbẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa dé ìlà iwájú, awakọ̀ gíga náà ti ń fi aṣọ ìnujú nu ojú. Bàṣá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gan-an ni àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó jáde lọ síbi mọ́tò rẹ̀. Ó dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà fún ìdajì wákàtí, ó ń retí ẹni tó máa ṣí i. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló padà ṣí i, pé ó pẹ́ kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń fà á. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ náà. Òjé wà níbẹ̀, dókítà ní yóò gbádùn tó bá fi omi lásán mọ. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Zaghlul náà, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí kò ní ọ̀gá, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò mọ ẹni tí òun yóò máa dá lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láàárọ̀.

Ìgbìmọ̀ wọ́gi lé ẹjọ́ Inshirah. Wọ́n nawọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sí i. Kò gbà á.

"Kí ló kù, Ìyá?" ni Dókítà Ragaa béèrè.

"Mo lè fọ ewé, Dókítà. Mi ò lè fọ odò. Ohun tí mò ń ṣe nínú ìkòkò, ó ń dín in kù ni, kò mú un kúrò tán. Ẹ di páìpù yẹn pa. Lẹ́yìn náà kí ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ìwé rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀."

"Awakọ̀ yín wà níta. Ẹ jẹ́ ká lọ kọ ọ́ létí odò."

Wọ́n lọ. Dókítà Ragaa kọ àṣẹ náà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì pa, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Bahgat àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin sì fi kọ́ńkéré dí páìpù náà. Ní ọ̀sán, wọ́n wá jẹun ní ilé ìdáná jẹ́lé-ó-sinmi. Inshirah, tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, bu kábéèjì tí ó fi di ìrẹsì síwájú wọn. Bahgat jẹ mẹ́sàn-án kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó parí nìyẹn, Ìyá Badr. Ẹ lè sinmi fífọ̀ àti bíbó láti òní lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Òjé tó ti wọ ilẹ̀ oko yẹn láti ọdún mẹ́fà, ṣé kọ́ńkéré yín ló máa lọ hú u jáde? Ọdún mélòó ni ilẹ̀ yẹn máa lò kó tó mọ́?"

"Ó máa pẹ́," ni Bahgat gbà.

"Ó dáa. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ọgọ́fà ọmọ ló máa jẹun lọ́la."

Ó gbé abọ́ kárọ́ọ̀tì kan síwájú rẹ̀ àti ọ̀bẹ kékeré. Ẹnjiníà náà wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wo òrùlé. Ó yí apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fọ ọwọ́, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Inshirah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Kárọ́ọ̀tì kìíní bọ́ sínú omi, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá ìṣáná.

"Èèpo ni mo ní kí ẹ mú kúrò o, Ẹnjiníà," ni ó wí. "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ."